Yíyan Katakata Kékeré fún Yìnyín Nígbà tí Owó Kò Pọ̀

Katakata kékeré tí a fi ń kó yìnyín ni ẹ̀rọ oníjókòó tí agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 18 hp sí 50 hp, tí a lè so garawa, abẹ irin tàbí ẹ̀rọ afọ́nyìnyín mọ́, kí mọ́tò lè rí ọ̀nà jáde nílé nígbà òtútù. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ló ti wúlò jù, láti Minnesota títí dé Maine, pàápàá àwọn ìlú tó súnmọ́ àwọn adágún ńlá márùn-ún. Gúúsù ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, ni àpilẹ̀kọ yìí yóò ti máa mú àpẹẹrẹ, fún ìdí méjì. Èkíní ni pé yìnyín ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èkejì ni pé ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ń gbé, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣe gbogbo àṣìṣe tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kò fo ọ̀kankan.

Ètò tó yẹ kí olùrà tẹ̀lé kò le. Yìnyín ni a kọ́kọ́ ń wò. A ó wo ilẹ̀ tó ń rọ̀ sí. A ó wo irinṣẹ́ tí yóò kó o. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó tó wá katakata tí yóò gbé irinṣẹ́ náà. Gbogbo rẹ̀ la ó sì pín owó sí, kì í ṣe katakata nìkan. Òǹkọ̀wé ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà ara katakata. Ó rí ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní pupa, tó ń dán nínú oòrùn oṣù keje, ó sì san owó lójú ẹsẹ̀.

Yìnyín àti ìwúwo rẹ̀

Yìnyín Buffalo ní orísun tirẹ̀. Bí ìgbà òtútù bá ń wọlé, atẹ́gùn tútù a máa fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn gba orí Adágún Erie kọjá, nígbà tí omi adágún náà kò tíì tutù tó atẹ́gùn. Atẹ́gùn yìí a gbé ọ̀rinrin lójú omi, a sì dà á sílẹ̀ ní yìnyín bó bá ti kan ilẹ̀. Ìkùukùu tó ń gbé e wá máa ń rí tóóró, ìdí nìyẹn tí yìnyín fi lè bo àdúgbò kan dé fèrèsé, kí oòrùn sì máa ràn ní àdúgbò tí kò jìnnà sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, yìnyín tó rọ̀ sí àwọn ìlú kan ní gúúsù Buffalo láàárín ọjọ́ díẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Ní oṣù kan náà lọ́dún 2022, ti Hamburg àti Orchard Park ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Nínú adágún márààrún, Erie ni kò jinlẹ̀ tó àwọn yòókù, nítorí náà ó tètè máa ń dì. Bí ojú rẹ̀ bá sì ti dì tán, irú yìnyín báyìí a dín kù gan-an. Oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní ló yẹ kí olùrà múra sílẹ̀ dè jù.

Ìwúwo yìnyín ṣe pàtàkì ju gíga rẹ̀ lọ. Yìnyín tuntun tó fẹ́lẹ́ lè wọn 50 sí 100 kílò ní mítà onígun mẹ́ta kan. Èyí tó rin lè ju 200 kílò lọ. Bí ọ̀nà ilé bá gùn ní mítà 30, tó fẹ̀ ní mítà 4, tí yìnyín sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, mítà onígun mẹ́ta 36 ló wà nílẹ̀ yẹn. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wọn 100 kílò, 3,600 kílò ni gbogbo rẹ̀: ó wúwo ju danfo méjì tí kò sí èrò nínú wọn lọ. Ó sì ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ mìíràn tún rọ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Èyí tó burú jù wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkọ̀ ìjọba bá ti ń la títì, ó máa ń ti yìnyín sí ẹ̀gbẹ́, òkìtì náà a sì dí ẹnu ọ̀nà ilé pa. Yìnyín òkìtì yìí ti rin, ó ti gba iyọ̀, ó ti ṣù pọ̀ ní kùlù-kùlù, bí wákàtí díẹ̀ bá sì kọjá lórí rẹ̀, ó di òkúta. Ẹni tó bá yan katakata nítorí yìnyín fẹ́lẹ́ tó wà láàárín ọ̀nà yóò ráàyè dé ẹnu ọ̀nà náà, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí. Òkìtì yìí la fi ń wọn katakata. Òǹkọ̀wé kò mọ̀ pé òkìtì kankan wà, nítorí pé kò sí òkìtì nínú oṣù keje.

Ilẹ̀

Ọ̀nà ilé lè jẹ́ ọ̀dà, kọnkéré tàbí òkúta wẹ́wẹ́. Orí ọ̀dà àti kọnkéré, abẹ irin lè fá yìnyín dé ilẹ̀ láìsí wàhálà, bí kò bá ti sí ibi tó ga sókè. Orí òkúta wẹ́wẹ́, a gbọ́dọ̀ gbé abẹ sókè díẹ̀, nǹkan bí íǹṣì kan, nípa bàtà irin kékeré tó wà ní ẹsẹ̀ abẹ náà. Àwọn mìíràn a fi yìnyín àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ó dì, kí ó lè di ilẹ̀ tí wọn yóò máa fá yìnyín yòókù lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí kì í mọ ohun tó ti ṣe títí yìnyín yóò fi yọ́. Nígbà tí yìnyín yọ́ lágbàlá òǹkọ̀wé, àárín koríko ni òkúta ọ̀nà ilé rẹ̀ wà, ilẹ̀ lásán ló kù lójú ọ̀nà. Ọwọ́ ló fi ṣa wọ́n padà, àwọn aládùúgbò sì ń kí i pé ó kú iṣẹ́.

Ohun mìíràn tó yẹ ká wò ni ibi tí yìnyín yóò lọ. Yìnyín tí a tì kò parẹ́, ó kàn pààrọ̀ ibùgbé ni. Bí a bá ń tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan náà láti oṣù kọkànlá, ògiri rẹ̀ yóò máa sún wọ ojú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, títí mọ́tò kò fi ní lè gbà á mọ́. Yìnyín àkọ́kọ́ la ó ti tì jìnnà réré sẹ́yìn, ká lè ráàyè fún èyí tó ń bọ̀. Títì í sójú títì tàbí sódìkejì títì kò bófin mu ní New York, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń rọ̀.

Kí ilẹ̀ tó dì, ó yẹ kí a ti gún ọ̀pá tó ní àwọ̀ títàn sí ẹ̀bá ọ̀nà, sí ibi tí òdòdó wà, sí ẹsẹ̀ àpótí lẹ́tà àti ibikíbi tí ìdérí irin bá wà nínú ilẹ̀. Bí yìnyín bá ti bo ilẹ̀, gbogbo àgbàlá a rí bákan náà, ọ̀pá kò sì ní ṣeé gún mọ́, nítorí ilẹ̀ ti le. Òǹkọ̀wé gbára lé ìrántí. Ìrántí náà jìnnà sí òtítọ́ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3, ìwọ̀n yẹn gan-an sì ni àpótí lẹ́tà fi jìnnà sí ibi tó rò pé ó wà.

Irinṣẹ́ tí yóò kó yìnyín

Garawa iwájú ni ọ̀pọ̀ katakata kékeré máa ń bá dé. Ó dára fún gbígbé yìnyín láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, ó sì dára fún fífọ́ òkìtì ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò yá: bó bá ti kún, a ó lọ dà á, a ó padà wá. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè fi garawa nìkan lo òtútù kan já, bí ọ̀nà rẹ̀ kò bá gùn.

Abẹ ẹ̀yìn ni ó dínwó jù lẹ́yìn garawa. Ó máa ń so mọ́ ìkọ́ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn katakata, ètò kan tí Harry Ferguson gbé kalẹ̀, tí Ford sì fi sára katakata 9N lọ́dún 1939, tó wá di ti gbogbo ayé. A lè yí abẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ kí yìnyín máa ṣàn sí apá kan, a sì lè kọ ojú rẹ̀ sẹ́yìn kí a fi ti yìnyín nígbà tí katakata bá ń padà sẹ́yìn. Àléébù rẹ̀ ni pé táyà yóò ti kọ́kọ́ tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ kí abẹ tó dé orí rẹ̀. Abẹ iwájú kò ní àléébù yìí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ dáadáa. Àpótí títì, èyí tó ní ògiri lápá méjèèjì tí yìnyín kò fi ní máa dà sí ẹ̀gbẹ́, yẹ fún ibi fífẹ̀ bí ààyè ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò yẹ fún ọ̀nà tóóró.

Afọ́nyìnyín ni ọ̀gá gbogbo wọn níbi tí yìnyín ti pọ̀ tí ààyè kò sì sí, nítorí pé ó ń ju yìnyín jìnnà dípò kí ó kó o jọ. Òun náà ló ń béèrè agbára jù. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń lò ni pé kí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan fífẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 5 hp láti PTO, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí, tí ẹ́ńjìnì fi ń gbé agbára fún irinṣẹ́. Afọ́nyìnyín tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 yóò fẹ́ nǹkan bí 25 hp. Agbára PTO sì máa ń kéré sí ti ẹ́ńjìnì tí wọ́n kọ sára katakata, nítorí náà nọ́ńbà tó wà lára ìbòrí ẹ́ńjìnì kọ́ la ó fi ṣírò. Afọ́nyìnyín ẹ̀yìn dínwó ju ti iwájú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni awakọ̀ yóò máa wò ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ọrùn ń dùn tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ rà á kó tó jókòó sórí katakata kó yí ojú sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀.

Afọ́nyìnyín ní bóòtù aláìlágbára kan tàbí méjì tí wọ́n dìídì ṣe kí ó lè kán. Bí nǹkan líle bá há sẹ́nu ẹ̀rọ náà, bóòtù yìí ni yóò kán, àpótí jíà tí owó rẹ̀ pọ̀ yóò sì là. Bóòtù náà kò wọ́n. Ó yẹ kí ó wà lápò awakọ̀ ní gbogbo ìgbà. Òǹkọ̀wé rí i pé bóòtù yìí ń kán lemọ́lemọ́, ó sì gbà pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ló ṣahun. Ó ra bóòtù tó le jù lọ nílé ìtajà, ó fi rọ́pò rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, afọ́nyìnyín gbé ìwé ìròyìn ọjọ́ náà mì, tòun ti ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, lábẹ́ yìnyín tó bò ó mọ́lẹ̀. Bóòtù náà kò kán. Ohun gbogbo yòókù ló kán. Mẹkáníìkì tó tú àpótí jíà náà kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn mú bóòtù náà sókè síbi tí iná wà, ó ń wò ó tìyanu-tìyanu, nítorí pé òun nìkan ni kò sí ohun tó ṣe.

Katakata fúnra rẹ̀

Ọ̀wọ́ méjì ni katakata kékeré. Àwọn tó kéré jù, bí irú BX ti Kubota, 1025R ti John Deere àti GC ti Massey Ferguson, máa ń ní nǹkan bí 18 hp sí 25 hp. Wọ́n lè wọ ibi tóóró, wọ́n sì lè gé koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn máa ń ní 25 hp sí 50 hp, wọ́n wúwo jù, wọ́n sì ga kúrò nílẹ̀ jù. Fún yìnyín, ìwúwo ṣe pàtàkì tó agbára, nítorí pé ẹ́ńjìnì tó lágbára lórí katakata fúyẹ́ kàn ń yí táyà lójú kan ni.

Ohun mẹ́ta ni kò yẹ kí olùrà fi tọrẹ nítorí owó. Èkíní ni kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa wà á. Èkejì ni jíà olómi, èyí tí awakọ̀ fi ẹsẹ̀ nìkan darí síwájú sẹ́yìn láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ yìnyín jẹ́ lílọ àti pípadà láìdúró, kílọ́ọ̀ṣì a sì máa dá ẹsẹ̀ lágara. Katakata oníjíà lásán dínwó, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ẹni tó ní sùúrù ló yẹ. Ẹ̀kẹta ni PTO aládàáyí, èyí tó ń yí lọ bí táyà bá tilẹ̀ dúró.

Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ katakata àtijọ́ kò ní. Ford 8N, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1947 sí 1952, ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó ju ìdajì mílíọ̀nù lọ tí wọ́n ṣe, púpọ̀ nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti mọ́tò àlòkù. Fún abẹ ẹ̀yìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó dára tó. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ló ń wà á, kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló sì ń darí táyà àti PTO. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, méjèèjì dúró. Afọ́nyìnyín sì ń fẹ́ kí táyà máa rọra lọ tàbí kí ó dúró díẹ̀ kí òun jẹ yìnyín tó wà lẹ́nu òun tán.

Katakata pupa tí òǹkọ̀wé rà nínú oṣù keje wà nínú ìran yìí, afọ́nyìnyín ló sì so mọ́ ọn. Bí yìnyín bá pọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì: katakata dúró, afọ́nyìnyín dúró. Ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀: katakata fò wọ inú yìnyín, ẹ́ńjìnì kú. Ó ń bẹ lójú kan náà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣí fèrèsé, tó wò ó fún ìgbà díẹ̀, tó wá béèrè pé: “Olówó orí mi, ṣé katakata lẹ rà ni àbí ère?”

Àyẹ̀wò katakata àlòkù kò gba owó, ojú àti ọwọ́ ló gbà. Kí olùrà tó dé, kó sọ fún olùtà pé kò gbọdọ̀ tan án sílẹ̀ dè é. Bó bá sì dé, kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Bó bá ti gbóná, ohun kan wà tí wọn kò fẹ́ kó rí, nítorí pé ẹ́ńjìnì tó ti gbóná kì í fi wàhálà àárọ̀ rẹ̀ hàn. Kó fa ọ̀pá òróró yọ: òróró tó funfun bí ògì ti pàdé omi. Kó gbé garawa sókè kó pa ẹ́ńjìnì, kó wo bóyá ó ń wálẹ̀ kíákíá. Kó wo abẹ́ katakata fún òróró tó ń kán, kó sì fura sí ọ̀dà tuntun, nítorí ojú ibi tí òróró ti ń yọ ni ọ̀dà tuntun máa ń bò. Ti òǹkọ̀wé dán títí tó fi délé. Ní ọjọ́ kejì, àwòrán òróró ti wà lórí kọnkéré gáréèjì, ó sì fẹ̀ sí i lójoojúmọ́.

Katakata àlòkù tí wọ́n kó wọlé láti Japan, níbi tó ti ṣiṣẹ́ nínú oko ìrẹsì, máa ń dínwó púpọ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì lè dára. Ohun tí a ó kọ́kọ́ wádìí ni ẹni tí yóò máa ta ẹ̀yà ara rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá èyí tí ilé iṣẹ́ kan náà tà ní Amẹ́ríkà dọ́gba.

Táyà àti ẹrù ìdúró

Táyà oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. R1 ni ti oko, eyín rẹ̀ jinlẹ̀. R4 fẹ̀, ó le, òun ló sì wọ́pọ̀ lára katakata tuntun. R3 ni ti koríko, eyín rẹ̀ kéré, ó pọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dúró lórí omi dídì láìsí ṣéènì. Kí a tó ra ṣéènì, a ó wọn àlàfo tó wà láàárín táyà àti ara katakata, nítorí pé àlàfo náà kéré púpọ̀ lára àwọn katakata kékeré jù.

Láti fi kún ìwúwo, àwọn ènìyàn máa ń bu nǹkan olómi sínú táyà ẹ̀yìn. Omi iyọ̀ kálísíọ́ọ̀mù wúwo, kì í tètè dì, ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin. Omi ìfọgíláàsì mọ́tò kì í tètè dì, kò sì wúwo bíi ti iyọ̀. Omi ara bíìtì wúwo, kì í jẹ irin, owó rẹ̀ ló pọ̀. Omi ẹ̀rọ lásán kò náni ní kọ́bọ̀, òun sì ni òǹkọ̀wé lò, nínú oṣù kẹsàn-án. Nínú oṣù kìíní, omi náà dì sínú táyà, katakata sì ń fò sókè bó ti ń lọ, pẹ̀lú ìró kan tí gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ pé ó ti jáde.

Ẹni tó ní garawa iwájú gbọ́dọ̀ tún gbé ẹrù sẹ́yìn: àpótí tó kún fún kọnkéré, tàbí irinṣẹ́ wúwo lórí ìkọ́ mẹ́ta. Láìsí èyí, garawa tó kún yóò gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ katakata kékeré, táyà ẹ̀yìn ni bíréèkì wà. Bí táyà náà kò bá fara kanlẹ̀, bíréèkì kò sí. Òǹkọ̀wé mọ èyí láti orí ìdàgẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ilé rẹ̀. Garawa kún, ẹ̀yìn fúyẹ́, katakata ń yọ̀ lọ sí títì láìgba àṣẹ. Òkìtì ẹnu ọ̀nà, èyí tó ti ń ṣépè fún láti àárọ̀, ló dá a dúró. Ó padà wọlé láìfọwọ́ kan òkìtì náà lọ́jọ́ yẹn.

Epo, bátìrì àti ibi tí katakata yóò sùn

Epo dísẹ́ẹ̀lì ní ọ̀rá nínú tó máa ń ṣù bí òtútù bá mú. Dísẹ́ẹ̀lì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìkùukùu ní nǹkan bí −10 °C. Bí òtútù bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá náà yóò dí asẹ́ epo, ẹ́ńjìnì yóò sì kú. Láti ìgbà ìwọ́wé, epo tí a ṣe fún òtútù ló yẹ kó wà nínú táńkì, pẹ̀lú oògùn epo tí a dà sí i kí òtútù tó dé. Oògùn yìí kì í tú epo tó ti ṣù. Òǹkọ̀wé kún táńkì rẹ̀ nínú oṣù keje nítorí pé owó epo rọ̀, ó sì da oògùn sí i ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnì kọ̀ láti dáhùn, nígbà tó ti di oògùn lẹ́yìn ikú. Bátìrì náà máa ń sọ agbára púpọ̀ nù nínú òtútù, òróró ẹ́ńjìnì a sì ki. Ẹ̀rọ amúẹ́ńjìnì-gbóná tó ń lo iná mànàmáná, tí a tàn fún wákàtí díẹ̀, ń gba méjèèjì sílẹ̀.

Bí a bá fẹ́ kó sùn nínú gáréèjì, a ó wọn ẹnu ọ̀nà gáréèjì kí a tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ẹnu ọ̀nà gáréèjì ní Amẹ́ríkà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Àgbékọ́ irin tó wà lórí àga awakọ̀, tó ń dáàbò bò ó bí katakata bá dojú dé, lè ga jù bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àgbékọ́ náà jẹ́ èyí tó ṣeé tẹ̀ wálẹ̀, ká gbé e dìde bí a bá jáde, ká sì de bẹ́líìtì. Lẹ́yìn èyí pupa, òǹkọ̀wé ra katakata kejì: ó wọn gígùn rẹ̀, ó wọn fífẹ̀ rẹ̀, ó gbà pé ó tó. Igi òkè ẹnu ọ̀nà gáréèjì rẹ̀ ṣì ní àmì ẹ̀kọ́ náà lára.

A kì í tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kó gbóná nínú gáréèjì tí a tì, nítorí afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìlóòórùn. A kì í sì í fi ọwọ́ tú yìnyín tó dí ẹnu afọ́nyìnyín: a ó pa ẹ́ńjìnì, a ó dúró kí gbogbo rẹ̀ ṣíwọ́ yíyí, a ó wá fi igi tú u. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ̀nyí nìkan ni òǹkọ̀wé kò tíì dán wò.

Owó

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Katakata kékeré jù tó jẹ́ tuntun, pẹ̀lú garawa, sábà máa ń ju 15,000 dọ́là lọ. Àlòkù rẹ̀ tó dára lè wà láàárín 8,000 sí 12,000. Katakata àtijọ́ bí 8N lè má ju ẹgbẹ̀rún dọ́là méjì tàbí mẹ́ta lọ. Lórí èyí la ó fi abẹ ẹ̀yìn kún, ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan. Tàbí afọ́nyìnyín, ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan. Ṣéènì, ẹrù ìdúró, epo, asẹ́, bátìrì, àti owó ọkọ̀ tí yóò gbé e wálé. Ẹni tó ní 10,000 dọ́là kò gbọdọ̀ wá katakata 10,000 dọ́là. Kó wá ti 8,000, kó sì fi ìyókù ra ohun tí yóò mú un ṣiṣẹ́. Katakata tuntun tí wọ́n ń tà láwìn láìsí èlé náà gba ìrònú, nítorí ẹni tó bá san owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sábà máa ń rí ẹ̀dínwó tí onígbèsè kì í rí.

Ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo èyí ni bóyá katakata tọ́ sí ọ̀nà ilé náà rárá. Bí ọ̀nà kò bá gùn ju nǹkan bí mítà 20 lọ, tí kò sì sí iṣẹ́ oko tàbí koríko púpọ̀ tí katakata yóò máa ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afọ́nyìnyín àfọwọ́tì onípele méjì, tí owó rẹ̀ máa ń wà láàárín 1,000 sí 2,000 dọ́là, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ fi ara ṣe wàhálà lè sanwó fún ẹni tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ alábẹ. Bí ọ̀nà bá tó mítà 50, tàbí tí ilẹ̀ bá pọ̀, katakata ti ń dá owó rẹ̀ padà. Ẹni tó bá wà láàárín méjèèjì ni kó ṣírò iye ọdún tí òun yóò fi máa san owó fún ẹlòmíràn kí ó tó pé owó katakata. Lẹ́yìn tó ti ra katakata méjì, òǹkọ̀wé wọn ọ̀nà ilé tirẹ̀. Mítà 16 ni.

Ìgbà tí a rà á náà ń mú owó yàtọ̀. Irinṣẹ́ yìnyín máa ń wọ́n jù lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń rọ̀ nínú oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí yìnyín ń yọ́ tí àwọn tó ṣiyèméjì ń tà. Ẹni tó bá rà á nígbà náà ní oṣù mélòó kan láti tún un ṣe, láti gún ọ̀pá rẹ̀, láti pa epo dà, àti láti dán an wò lórí ilẹ̀ gbígbẹ kí oṣù kọkànlá tó dé.